Ìyá Tí Í Ṣọ́ Oyún: Ìtàn Tẹ́ńpìlì Abúlé Thirukkarukavur ní Ilẹ̀ Íńdíà

Ẹ̀yin abiyamọ wa ọ̀wọ́n, nígbà tí a bá rí aboyún lójú ọ̀nà, àdúrà kan náà ni ó máa ń bọ́ sí gbogbo wa lẹ́nu: "A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ." Kì í ṣe àwa nìkan ni a ń gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀. Ní apá gúúsù ilẹ̀ Íńdíà, ní abúlé kan tí oko ìrẹsì yí ká, tẹ́ńpìlì àtayébáyé kan wà tí ó jẹ́ pé nítorí àdúrà yìí gan-an ni àwọn obìnrin fi ń ti ọ̀nà jíjìn wá síbẹ̀. Thirukkarukavur ni orúkọ abúlé náà. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi ká lọ síbẹ̀ lónìí. Kì í ṣe pé kí a lè yí ẹ̀sìn wa padà o. Nítorí ìtàn kan tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni, ìtàn aboyún kan tí àárẹ̀ mú, tí kò lè dìde. Ìtàn náà ti pẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ ọ tán, ó lè dà bí ẹni pé ní agbo ilé tiyín ni ó ti ṣẹlẹ̀.

Ọ̀nà Abúlé Náà

Bí a bá wọ ọkọ̀ ojú irin ní Chennai, olú ìlú ìpínlẹ̀ Tamil Nadu, apá gúúsù ni a ó dorí kọ. A ó rìn tó nǹkan bí 300 kìlómítà kí a tó dé Kumbakonam, ìlú tí tẹ́ńpìlì pọ̀ sí bí ẹní ṣu wọ́n jọ. Láti ibẹ̀, ọ̀nà mọ́tò ni a ó gbà fún nǹkan bí 20 kìlómítà, a ó sì kọjá ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Papanasam. Bọ́ọ̀sì ń lọ síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà ń lọ, èyí tí àwa ń pè ní Márúwá, tí ó jẹ́ pé ilẹ̀ Íńdíà yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń wá sí ọ̀dọ̀ wa.

Ilẹ̀ odò Kaveri ni gbogbo àgbègbè yìí. Kí odò ńlá náà tó dé òkun, ó ya sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀ka, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka náà, èyí tí ń jẹ́ Vettar, sì ń ṣàn kọjá lẹ́bàá Thirukkarukavur. Nítorí omi yìí ni ìrẹsì fi ń ṣe dáadáa níbẹ̀. Ní àsìkò ìgbìn, àwọn obìnrin ni ẹ ó rí tí wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ nínú ẹrẹ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń tún irúgbìn ìrẹsì lọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Igi àgbọn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

Bí ẹ bá dé abúlé náà ní ìdájí, ẹ ó rí ohun tí yóò wù yín. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, àwọn obìnrin yóò ti gbá iwájú ilé wọn, wọn yóò ti wọ́n omi síbẹ̀, wọn yóò sì máa fi ìyẹ̀fun ìrẹsì ya ọnà aláràǹbarà sí ilẹ̀. Kolam ni wọ́n ń pe ọnà náà. Ìka ọwọ́ ni wọ́n fi ń yà á, láìlo gègé tàbí rúlà. Nígbà tí oòrùn bá gòkè, èèrà àti ẹyẹ yóò ti máa jẹ nínú ìyẹ̀fun náà, èyí sì dára lójú wọn, nítorí wọ́n gbà pé ìtọrẹ àkọ́kọ́ ní ọjọ́ náà ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọn yóò tún gbá a nù, wọn yóò sì ya òmíràn.

Orúkọ abúlé náà kò ṣẹ̀yìn ìtàn rẹ̀. Ní èdè Tamil, mímọ́ ni "thiru". Oyún inú ni "karu". Ṣíṣọ́ ni "kaa". Ìlú tàbí abúlé sì ni "ur". Bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń túmọ̀ rẹ̀ nìyẹn: abúlé mímọ́ tí í ṣọ́ oyún.

Nínú Àgbàlá Tẹ́ńpìlì

Ní ẹnu ọ̀nà, gbogbo ènìyàn ni ó ní láti bọ́ bàtà. Lẹ́yìn ilé ìṣọ́ gíga tí ó wà lókè ẹnubodè, àgbàlá gbòòrò kan ń bẹ tí a fi òkúta tẹ́. Àwọn tí ń ta nǹkan ìrúbọ yóò ti máa pe ènìyàn: àgbọn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, àti òdòdó jásímìnì tí a sín bí ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn obìnrin Tamil a máa fi irú òdòdó bẹ́ẹ̀ sí irun orí, òórùn dídùn rẹ̀ a sì máa tẹ̀ lé wọn káàkiri.

Jásímìnì yìí gan-an ni ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn ibẹ̀. Wọ́n ní igbó jásímìnì ni gbogbo ilẹ̀ náà látijọ́, inú igbó náà ni Shiva, ọ̀kan nínú àwọn òrìṣà àgbà ẹ̀sìn Híńdù, sì ti fara hàn. Nítorí náà ni wọ́n fi ń pè é ní Mullaivananathar níbẹ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí Olúwa Igbó Jásímìnì. Àmì rẹ̀ tí ó wà nínú iyàrá mímọ́ kì í ṣe òkúta tí oníṣẹ́ ọnà gbẹ́. Àwọn olùjọsìn gbà pé ó yọ fúnra rẹ̀ láti inú ilẹ̀ òkìtì ọ̀gán ni, wọ́n sì ní ipa ìtàkùn jásímìnì tí ó lọ́ mọ́ ọn nígbà náà ṣì wà lára rẹ̀. Nínú àwọn tẹ́ńpìlì mìíràn, omi àti wàrà ni wọ́n máa ń dà sí irú àmì bẹ́ẹ̀ lórí. Ní ìhín, nítorí pé erùpẹ̀ ni, wọn kì í da omi sí i rárá. Ọ̀rá olóòórùn dídùn tí a ń rí lára ẹranko tí ó jẹ́ ìbátan ẹtà ni wọ́n fi ń kùn ún.

Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìyàwó Shiva, ẹni tí wọ́n ń pè ní Parvati, ni ọ̀pọ̀ obìnrin ń lọ. Ó ní ilé tirẹ̀ lọ́tọ̀ nínú àgbàlá náà. Garbharakshambigai ni orúkọ rẹ̀ níbẹ̀: "garbha" ni oyún, "raksha" ni ààbò, "ambigai" sì ni ìyá. Ó dúró nínú aṣọ sílíìkì àti òdòdó, ọwọ́ rẹ̀ kan sì wà ní ìbàdí, ní ọ̀nà tí àwọn tí ń sìn ín fi ń wí pé oyún ni ó gbé ró. Kò sí abiyamọ tí kò mọ ìdúró náà.

Bí Ọjọ́ Orí Rẹ̀ Ṣe Tó

Kí ẹ má ṣe rò pé ohun àná ni tẹ́ńpìlì yìí. Ní ohun tí ó lé ní 1,300 ọdún sẹ́yìn, àwọn ẹni mímọ́ kan wà ní ilẹ̀ Tamil tí wọ́n ń rìn láti abúlé dé abúlé, tí wọ́n ń kọrin ìyìn sí Shiva. Méjì tí òkìkí wọn kàn jù nínú wọn ni Appar àti Sambandar. Àwọn méjèèjì ni ó kọrin nípa Thirukkarukavur, orin wọn sì wà nínú ìwé mímọ́ àwọn Tamil di òní olónìí.

Lẹ́yìn wọn ni àwọn ọba Chola gba agbára ní Thanjavur, tí kò jìnnà sí abúlé yìí. Ọba Rajaraja kìíní ni ó kọ́ tẹ́ńpìlì ńlá tí ó wà ní Thanjavur, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ parí ní ọdún 1010. Ní ayé àwọn ọba wọ̀nyí, ara ògiri òkúta tẹ́ńpìlì ni ìwé àkọsílẹ̀ ìlú: ẹni tí ó bá ta ilẹ̀ lọ́rẹ, orúkọ rẹ̀ a wọ ara ògiri, ẹni tí ó bá fi àgùntàn tọrẹ, a wọ ara ògiri. Àkọlé irú èyí wà ní Thirukkarukavur pẹ̀lú. Nínú àwọn ti Thanjavur, a rí i kà pé bí ènìyàn bá fẹ́ kí fìtílà kan ṣoṣo máa jó láìkú tọ̀sán tòru, abo àgùntàn 96 tàbí màlúù 48 ni yóò fi sílẹ̀, kí a lè máa rí òrí àmọ́ bu sínú fìtílà náà títí láé.

Ìtàn Vedhikai

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ìtàn tí ó gbé wa wá síbẹ̀.

Ní ayé àtijọ́, ẹni mímọ́ kan ń gbé nínú igbó jásímìnì náà, Nidhruva ni orúkọ rẹ̀. Vedhikai ni ìyàwó rẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó rí ọmọ, wọ́n sì bẹ Shiva àti ìyàwó rẹ̀ títí Vedhikai fi lóyún. Ẹ mọ bí inú ilé ṣe máa ń dùn ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, ọkọ jáde lọ, aboyún nìkan ni ó kù sílé. Oyún ti ń wọ̀ ọ́ lára, àárẹ̀ mú un, ó sì fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Ìgbà náà ni ẹni mímọ́ mìíràn, Urdhvapada, dé ẹnu ọ̀nà tí ó ń tọrọ oúnjẹ. Ní ilẹ̀ Híńdù, òfin ńlá ni pé ìyàwó ilé gbọ́dọ̀ bu oúnjẹ fún irú àlejò bẹ́ẹ̀. Ó pè, kò sí ìdáhùn. Ó tún pè. Vedhikai kò lè dìde. Inú bí àlejò náà, ó rò pé obìnrin náà fi ojú tín-ín-rín òun ni. Kò béèrè ohun tí ó ṣe é. Ó ṣẹ́ èpè lé e, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Èpè náà mú obìnrin náà pẹ̀lú ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Àìsàn kọlù ú, oyún náà sì bọ́ kúrò lára rẹ̀ nígbà tí oṣù rẹ̀ kò tíì pé. Nínú ìrora yìí ni ó ké pe Parvati. Ìyá náà sì dá a lóhùn. Ó gbé oyún náà sínú ìkòkò mímọ́ kan, ó ń ṣọ́ ọ níbẹ̀ títí oṣù rẹ̀ fi pé tí ó sì di ọmọ. Ọmọkùnrin ni. Naidhruva ni wọ́n sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ìyá tí àìsàn ti mú kò rí wàrà fún ọmọ rẹ̀. Wọ́n ní Kamadhenu, màlúù ọ̀run, ni a rán wá, ó sì fún ọmọ náà ní wàrà. Ó fi pátákò ẹsẹ̀ wa ilẹ̀, wàrà sì sun jáde títí ó fi di adágún. Adágún omi tí ó wà níwájú tẹ́ńpìlì náà ni àwọn ará ibẹ̀ ń tọ́ka sí. Adágún Wàrà ni wọ́n ń pè é. Nidhruva àti ìyàwó rẹ̀ wá bẹ Ìyá náà pé kí ó má ṣe padà lọ mọ́, kí ó jókòó sí abúlé náà, kí ó máa ṣọ́ gbogbo obìnrin tí ó bá lóyún.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fi etí sí ohun tí kò sí nínú ìtàn yìí. Kò sí ibì kan tí Parvati ti wí fún Vedhikai pé, "Ìwọ ni o jẹ̀bi, ìwọ tí o kò dìde." Kò pè é ní ọ̀lẹ. Kò ní kí ó lọ bẹ àlejò náà kí òun tó gbọ́ tirẹ̀. Ó rí aboyún tí àárẹ̀ mú, ó sì gba ẹrù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àlejò tí ó bínú ní òfin lọ́wọ́, ṣùgbọ́n aboyún ni òrìṣà gbè lẹ́yìn.

Ohun Tí Àwọn Obìnrin Ń Ṣe Níbẹ̀

Títí di òní, oríṣi obìnrin mẹ́ta ni ó máa ń wá. Èkínní ni àwọn tí ń wá ọmọ. Wọn a fi òrí àmọ́ yíyọ́ kun àtẹ̀gùn ilé Ìyá náà, wọn a sì ya kolam síbẹ̀. Àlùfáà a fún wọn ní òrí àmọ́ tí a ti gbàdúrà sí. Ọjọ́ 48 ni a ó fi máa jẹ díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀, kì í sì í ṣe ìyàwó nìkan ni yóò jẹ ẹ́: tọkọtaya ni.

Èkejì ni àwọn aboyún. Òróró láà ni wọ́n ń gbà, wọn a sì máa fi pa ikùn lóde nígbà tí ìnira bá dé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti ṣe ayẹyẹ valaikappu nílé kí wọ́n tó wá. Nínú ayẹyẹ náà, tí wọ́n sábà máa ń ṣe ní oṣù keje, àwọn obìnrin ẹbí a jókòó yí aboyún ká, wọn a sì máa fi ẹ̀gbà gíláàsì aláwọ̀ mèremère sí i lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì yóò fi kún. Wọ́n ní ọmọ inú a máa gbádùn ìró wọn.

Ẹ̀kẹta ni àwọn tí ó ti bí, tí wọ́n padà wá dúpẹ́. Ibùsùn ọmọ tí a ń mì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń tẹ́ ọmọ tuntun sí níwájú Ìyá náà. Àwọn mìíràn a gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n, wọn a sì fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ṣúgà tí ó wúwo tó o ṣe ọrẹ.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ tán. Kì í ṣe gbogbo aboyún ni ilẹ̀kùn irú tẹ́ńpìlì bẹ́ẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún láti ìbẹ̀rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, àwọn tí a kà sí ẹni ìdọ̀tí nítorí ìdílé tí a bí wọn sí kò gbọdọ̀ wọ inú àgbàlá. Ọdún 1947 ni òfin ṣí àwọn tẹ́ńpìlì ìpínlẹ̀ tí ń jẹ́ Madras nígbà náà sílẹ̀ fún gbogbo Híńdù. Ọdún náà ni òfin mìíràn tún fi òpin sí àṣà fífi ọmọbìnrin kéékèèké jìn fún tẹ́ńpìlì, níbi tí ìgbésí ayé ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń bàjẹ́. Obìnrin kan ni ó jà fún èyí fún ogún ọdún: Muthulakshmi Reddy, tí a bí ní ọdún 1886, tí ó gba oyè dókítà ní ọdún 1912, tí ó sì wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Madras ní ọdún 1927. Lónìí, ètò tí ìjọba Tamil Nadu fi ń fún àwọn aboyún aláìní lówó, orúkọ rẹ̀ ni ó ń jẹ́. Bí obìnrin kan bá ti Thirukkarukavur dé, tí ó sì gba ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì lọ láti ṣe àyẹ̀wò, kò sí ìjà láàárín méjèèjì.

Ẹ̀kọ́ Tiwa

Kí ni ìyàwó ilé lọ́dọ̀ wa lè rí mú bọ̀ láti abúlé yìí?

Ìkínní, wíwá ọmọ kì í ṣe ti ìyàwó nìkan. Bí ọkọ ṣe ń bá ìyàwó jẹ òrí àmọ́ fún ọjọ́ 48, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó bá a lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ìdí tí ọmọ fi ń pẹ́ lè wà lára ọkùnrin, ó lè wà lára obìnrin, ó sì lè wà lára àwọn méjèèjì. Ẹni tí ó bá ní kí ìyàwó nìkan lọ ṣe àyẹ̀wò, ìdajì ilẹ̀ ni ó gbá.

Ìkejì, òróró láà tí wọ́n ń gbà níbẹ̀, pípa sí ara ni, kì í ṣe mímu. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí bí aboyún bá mu òróró láà, ó lè ru ilé ọmọ sókè kí ìrọbí sì dé láìtọ́jọ́. Ẹ má ṣe mu ún láìjẹ́ pé dókítà ni ó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ máa lọ fún ìtọ́jú aboyún: láti ọdún 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń gbani níyànjú pé kí aboyún rí oníṣègùn ó kéré tán ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ kí ó tó bímọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, bí orí bá ń fọ́ni gan-an tí ojú sì ń ṣú, tàbí bí ọmọ inú kò bá rìn bí ó ti ń rìn mọ́, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ kejì. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ.

Ìkẹta ni ó wà lọ́kàn mi jù. Àwa náà mọ Urdhvapada. Ó lè jẹ́ àlejò, ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ, ó lè jẹ́ ìyá ọkọ tí ó wí pé, "Àwa náà lóyún nígbà tiwa, a sì ń gún iyán." Ó lè jẹ́ ìwọ fúnra rẹ, tí o ń fi ara rẹ bú nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ wú tí o kò sì lè dáná. Bí o bá jẹ́ aboyún, dùbúlẹ̀ nígbà tí ó bá rẹ̀ ọ́, kí o sì sọ fún ọkọ rẹ pé ó rẹ̀ ọ́. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ìwọ ni o dé ẹnu ọ̀nà tí o pè tí aboyún kò dáhùn, má ṣe bínú padà. Wọlé. Béèrè ohun tí ó ṣe é. Bá a bu omi, bá a gbé ìkòkò kaná.

Ìkòkò ni Ìyá Thirukkarukavur fi gba oyún Vedhikai là. Agbo ilé ni ìkòkò tiwa. Kí ó má ṣe fọ́ mọ́ aboyún kankan lọ́wọ́. A ó máa gbóhùn ìyá, a ó máa gbóhùn ọmọ o.